Arán, Ọjọ́ Orí àti Ẹ̀jẹ̀ Ara



Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni ó gbé mi dé ibẹ̀: arán. Bí àgbàlagbà bá ń ṣì ọ̀nà ilé rẹ̀, tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, a ó ní ó ń ṣarán. A ti pe ìyá arúgbó mìíràn ní àjẹ́ nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti sọ ọ́ tán, ìwádìí parí. A ti di ẹrù náà ru ọjọ́ orí.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1992 láàárín àwọn arúgbó Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Gẹ́gẹ́ bí èsì tí ó jáde ní 2001, nínú 1,000 ẹni ọdún 65 sókè, bíi 13 ni àrùn tí ń ba iyè jẹ́ ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, bíi 32. Ohun mìíràn wà nídìí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì yẹ ní wíwò.

Irin inú oúnjẹ ni ara fi ń ṣe hemoglobin, èròjà pupa tí ń gbé ọ́síjìn dé ọpọlọ. Èsì ìwádìí kan jáde ní 2013, lórí 2,552 àgbàlagbà Memphis àti Pittsburgh, tí a ṣọ́ fún ọdún 11. Nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ní ìbẹ̀rẹ̀, àrùn iyè mú 23 nínú 100. Nínú àwọn yòókù, 17.

Ohun méjì lè jọ rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ìwádìí Rotterdam, ní 2019, tilẹ̀ fi hàn pé ewu ń bẹ fún ẹni tí hemoglobin rẹ̀ kéré àti ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré ra oògùn irin.

Ṣùgbọ́n àìtó ẹ̀jẹ̀ ṣeé yẹ̀ wò. Bí hemoglobin ọkùnrin kò bá tó gíráàmù 13 nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ti obìnrin kò tó 12, kí dókítà wá ìdí rẹ̀: bóyá oúnjẹ ni, bóyá egbò ikùn tí ń ṣẹ̀jẹ̀, bóyá kíndìnrín. Púpọ̀ nínú wọn ni ó gbọ́ ìtọ́jú.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju èyí lọ: ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, kí a tó pe ohunkóhun ní arán.