Iṣẹ́ Bọ́, Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹ̀tọ́ Bọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, ní Dallas àti káàkiri ìpínlẹ̀ Texas, ẹ̀yin tí wọ́n já ìwé gbélé-ẹ fún láìpẹ́ yìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde láàárọ̀ kí àwọn ọmọ má baà fura.

Mo mọ ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ yín dúró láti béèrè owó àìníṣẹ́. Ẹ ń wí nínú ara yín pé, "Èmi tí mo wá ṣiṣẹ́, ṣé kí n wá máa tọrọ lọ́wọ́ ìjọba ni?" Rárá o. Láti ọdún 1935, nígbà Ààrẹ Roosevelt, ni òfin ti gbé owó àìníṣẹ́ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó orí sí àpò rẹ̀ nítorí àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Adójútòfò ni. Ẹni tó gbà á kò ṣagbe.

Ta ló wá tọ́ sí? Ẹni tí wọ́n dá dúró torí pé iṣẹ́ ò sí mọ́, tàbí tí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ẹni tí wọ́n lé nítorí ìwà àìtọ́, tàbí tó fúnra rẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láìní ìdí gúnmọ́, ó lè má rí i gbà. Ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́, kí ara rẹ̀ le, kí ó sì máa wá iṣẹ́. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, tó ń gba fọ́ọ̀mù 1099 dípò W-2, kì í sábà sí lábẹ́ ètò yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bọ́ gan-an ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kà. Ọ̀sẹ̀ tí ìtìjú bá jẹ, ó ti lọ nìyẹn. Ọ́fíìsì Texas Workforce Commission ló ń bójú tó o, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mú nọ́ńbà Social Security yín, orúkọ àti àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ tí ẹ ti kúrò, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ parí, àti iye tí wọ́n ń san. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ sọ, torí wọn yóò bi ọ̀gá yín náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á forúkọ sílẹ̀ tán, wọ́n á jókòó máa retí owó. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ gbọ́dọ̀ máa padà lọ béèrè owó náà, kí ẹ sì máa kọ àwọn ibi tí ẹ ti wáṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ṣe, ẹ sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ṣe é, kódà bí owó rẹ̀ ò tíì wọlé. Ẹni tó bá fi pamọ́ yóò dá owó padà, yóò sì san ìtanràn ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lé e.

Bí wọ́n bá kọ̀wé pé kò tọ́ sí yín, ẹ má fọwọ́ lẹ́rán. Ọjọ́ 14 lẹ ní, láti ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Orí fóònù ni wọ́n sábà máa ń gbọ́ ọ. Ẹ ṣì máa béèrè owó lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Owó náà ò ní tó owó oṣù, kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ 26 lọ, ìjọba àpapọ̀ á sì gba owó orí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè gbé yín débi iṣẹ́ tuntun láìjẹ gbèsè ilé.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ sọ fún ọkọ yín, ẹ sọ fún ìyàwó yín, kí ẹ jọ jókòó forúkọ sílẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ pe ẹni yín tí tirẹ̀ bọ́, kí ẹ bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀.