Ọ̀nà Tí Ọmọ Wa Lè Gbà Di Adájọ́



Àwọn òbí kan ti bi wá léèrè ohun tí Ẹgbẹ́ lè ṣe kí ọmọ ìlú yìí lè di adájọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kí a kọ̀wé sí Gómìnà. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: ìwé ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni í sọ ènìyàn di adájọ́.

Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìlú òyìnbó ni ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe lọ́yà ń lọ. Ní 1962 ni a dá Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin ilẹ̀ wa sílẹ̀. Lóde òní, ọmọ tí ó bá yege nínú ìwé mẹ́wàá yóò ka òfin fún ọdún 5 ní yunifásítì, (méjì ni ó ń kọ́ni ní òfin ní Adó nítòsí wa níhìn-ín), lẹ́yìn náà ni yóò lọ lo nǹkan bí ọdún kan ní Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin. Bí ó bá yege níbẹ̀, ó di agbẹjọ́rò.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò kì í ṣe adájọ́. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ó gbọ́dọ̀ ti tó ọdún 10 nínú iṣẹ́ náà kí ó tó lè jókòó ní Ilé-ẹjọ́ Gíga, ọdún 12 fún Kòtẹ́milọ́rùn, ọdún 15 fún ti Gíga Jù Lọ. Inú ọdún 10 yìí ni iṣẹ́ wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó bí ó ti ń tọ́jú owó oníbàárà, wọ́n sì ń wò ó bóyá ó ń parọ́ níwájú ilé-ẹjọ́. Ìgbìmọ̀ ti ìpínlẹ̀ ni yóò mú orúkọ lọ, Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ ti gbogbo ilẹ̀ wa yóò yẹ̀ ẹ́ wò, kí Gómìnà tó yàn án. Gómìnà kò lè dá a ṣe.

Ẹ má sọ pé àìlówó ni. Olóyè Afẹ́ Babalọlá ti Adó kò kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nílé ni ó ti ka ìwé yòókù títí ó fi gba oyè òfin ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì di agbẹjọ́rò ní 1963. Ẹ má sì sọ pé ọkùnrin nìkan ni: Stella Thomas di agbẹjọ́rò ní 1933, ó di májísíréètì ní 1943, Modupe Omo-Eboh sì di adájọ́ obìnrin àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa ní 1969.

Ẹni tí ó bá ń retí pé adájọ́ tiwa yóò gbè wá lẹ́jọ́ ilẹ̀, kí ó tètè jáwọ́. Bí ẹjọ́ náà bá kan ẹbí rẹ̀, ńṣe ni yóò kúrò lórí rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ó bá sì fẹ̀yìn tì, kò tún lè ṣe lọ́yà ní ilé-ẹjọ́ kankan mọ́.

Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti ọdún yìí kò tíì pé. Akápò wà lórí ìjókòó pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Kí àwọn tí kò tíì san tiwọn rí i kí ìpàdé tó tú.