Wọ́n Pè É Ní Kògbóògùn

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi tọ́jú àwọn sójà àti ìdílé wọn.

Orúkọ tí àwa Yorùbá fún AIDS ló gbé mi dìde: àrùn kògbóògùn. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ní 1986, orúkọ náà bá a mu. Láti 1990 ni àwọn ọmọ ogun wa ti ń bá ECOMOG lọ sí Liberia, lẹ́yìn náà Sierra Leone. Ìwádìí tí wọ́n ròyìn ní 1999 ní, nínú 100 sójà tó lo ọdún kan lójú ogun, 7 ló ní kòkòrò HIV. Ọdún méjì, 10. Ọdún mẹ́ta, ó lé ní 15. Sójà kò burú jù wá lọ o. Bí ọkùnrin bá ṣe pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè tó ni ewu ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ̀yin awakọ̀ akẹ́rù, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Obìnrin kan wà, ọmọ Yorùbá, tí ọkọ rẹ̀ sójà kú sí wa lọ́wọ́ ní 2004. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe àyẹ̀wò. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ ní kò gbóògùn. Kí lẹ fẹ́ kí n wá gbọ́?" Bẹ́ẹ̀, ìjọba ti ń pín oògùn láti 2002, ẹgbẹ̀rún náírà lóṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kárí. Ní 2006 ó di ọ̀fẹ́. Ní 2007 ni àbúrò rẹ̀ gbé e wá, egungun lásán. Ó lo oògùn, ó sì ń ta èlùbọ́ títí dòní. Òun ló ní kí n sọ ọ́. Àmọ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí a kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí, ti kú kí ìyá tó padà wá.

Lónìí, ẹni tó bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà mọ́ lẹ́jẹ̀ rẹ̀, kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Aláboyún tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ lè bí ọmọ tí kò ní in. Ní 44 Nigerian Army Reference Hospital nílùú wa níbí, wọ́n ń tọ́jú aráàlú pẹ̀lú sójà.

Nọ́ọ̀sì méjì ti jókòó sí yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣe tiwa láàárọ̀. Wọn ò ní ké orúkọ ẹnikẹ́ni. Tọkọtaya, ẹ jọ máa wọlé.