Bí A Bá Fẹ́ Tètè Fẹ̀yìntì, Níbo Ni Àbọ̀ Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa bá àwọn ìdílé sọ níbi ìpàdé ní Buford)

  Mo mọ̀ pé láti Lithonia àti Marietta ni àwọn mìíràn ti wá bá wa ní Buford níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà I-85 kì í fi ojú rere wo ẹnikẹ́ni. A dúpẹ́ pé a bá ara wa láyọ̀.

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn ará wa máa ń bi mí léèrè nígbà tí mo bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún wọn lẹ́yìn ìpàdé. Ìbéèrè náà ni pé: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ènìyàn lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọmọ àádọ́ta ọdún, kí ó ta ilé rẹ̀, kí ó lọ sí ìlú etí òkun, kí ó máa bá onílé ṣọ́ ilé kiri láìsan owó ilé?" Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ òru fún ogún ọdún mọ ìdí tí irú èrò bẹ́ẹ̀ fi ń wá síni lọ́kàn. Èmi náà kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé kí n tó wá síbí, mo jókòó ìdánwò NCLEX, mo sì mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí ní aago méje àárọ̀ lẹ́yìn wákàtí méjìlá lórí ìdúró.

Ìdáhùn mi ni pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa sọ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí yóò bá máa gbé ilé onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí òun yóò padà sí ní ọjọ́ àìsàn, ní ọjọ́ ìjì, àti ní ọjọ́ tí onílé bá dé. Orí èyí ni mo fẹ́ dúró lé lónìí.

Kí ni ṣíṣọ́ ilé onílé?

Onílé fẹ́ rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́ta. Kò fẹ́ kí ilé dá wà, kò sì fẹ́ gbé ajá rẹ̀ lọ síbi tí wọn yóò ti máa gba owó lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó wá ẹni tí yóò sùn sínú ilé náà, tí yóò máa bọ́ ajá, tí yóò máa bomi rin òdòdó, tí yóò sì máa kó lẹ́tà wọlé. Olùṣọ́ kì í san owó ilé, onílé kì í sì í sábà san owó iṣẹ́. Ní 2010 ni wọ́n dá TrustedHousesitters sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Brighton, tí òun náà jẹ́ ìlú etí òkun, láti máa so onílé àti olùṣọ́ pọ̀. Lónìí, àwọn kan wà tí wọ́n fi èyí ṣe ìgbé ayé wọn: oṣù kan ní Savannah, oṣù méjì ní Charleston, láìní ilé kankan tí ó jẹ́ tiwọn.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ẹ wo àwọn ìyá wa. Wọn yóò wá wẹ ọmọ ní Atlanta, wọn yóò ti ibẹ̀ lọ sí Houston, wọn yóò gba Lọ́ńdọ̀nù padà sílé, àpótí wọn kì í tú tán. Nílé pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ àbúrò àti ẹ̀gbọ́n wa ni ó ń gbé inú ilé tí àwa tí a wà lókè òkun kọ́ sí Lẹ́kí àti Ajah. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ayé gbélé-gbélé ti rí, ẹ bi àwọn wọ̀nyí. Wọn yóò sọ fún yín pé ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni pé ènìyàn kì í mọ ibi tí ìwé rẹ̀ wà, ibi tí oògùn rẹ̀ kù sí, àti ẹni tí yóò tètè mọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá.

Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan sí i nítorí àwọn òbí wa tí ó wá pẹ̀lú fisà àbẹ̀wò. Ní 2022, wọ́n dá ọmọbìnrin ará Australia kan padà ní pápákọ̀ òfurufú Los Angeles, nítorí pé ó ti ń bá àwọn ènìyàn tọ́jú ológbò kí ó lè rí ilé wọn gbé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ni, bí kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Kí màmá wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ jẹ́ ohun kan. Kí ó lọ máa bá àjèjì ṣọ́ ilé jẹ́ ohun mìíràn.

Ọ̀rọ̀ owó

Ní 1994, William Bengen, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lórí owó ní California, ṣe ìṣirò kan tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó ní bí ènìyàn bá mú ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó fi pamọ́ ná ní ọdún àkọ́kọ́, tí ó sì ń fi kún un bí ọjà bá ti ń wọ́n sí i, owó náà yóò tó o fún 30 ọdún. Èyí ni pé ẹni tí yóò máa ná $40,000 lọ́dún nílò $1,000,000. Ẹni tí kò san owó ilé, tí $24,000 tó fún lọ́dún, nílò $600,000. Ìdí nìyí tí ṣíṣọ́ ilé fi ń wu àwọn tí ó fẹ́ tètè fẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: 30 ọdún ni Bengen ṣírò. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 50 lè lo 40 ọdún láyé sí i, bí ó sì ti wù kí ó rí, ọjọ́ ń bọ̀ tí agbára àtimú ajá ajá rìn kò ní sí mọ́. Ní ọjọ́ yẹn, owó ilé yóò padà wọlé sínú ìṣirò.

Ẹ tún wo Social Security. Kírẹ́dítì 40, tí í ṣe bí iṣẹ́ ọdún 10, ni ó ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọdún 35 tí owó iṣẹ́ ẹni pọ̀ jù ni wọ́n fi ń ṣírò iye tí wọn yóò san. Bí ẹ bá dé Amẹ́ríkà ní ọmọ 30 ọdún, tí ẹ sì dúró ní 50, ogún ọdún ni ẹ ní. Òfo ni wọn yóò kọ sí ọdún 15 tí ó kù. Àwọn ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò lè dí àlàfo náà, nítorí pé Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà kò ní àdéhùn lórí èyí bí Amẹ́ríkà ti ní in pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ẹni tí a bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, 67 ni ọjọ́ orí tí owó náà pé. Bí ó bá jẹ́ $2,000 lóṣù ní 67, $1,400 ni yóò jẹ́ fún ẹni tí ó gbà á ní 62, yóò sì di $2,480 fún ẹni tí ó ní sùúrù dé 70.

Ọ̀rọ̀ ara líle

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti wúwo jù, nítorí iṣẹ́ mi nìyí. Ọdún 65 ni Medicare ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 50 ní ọdún 15 láti wá ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀. COBRA yóò jẹ́ kí ẹ di ti ibi iṣẹ́ mú fún oṣù 18, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ó san ìpín tiyín àti ìpín tí ilé iṣẹ́ ń bá yín san tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú èlé ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn èyí, ó di Georgia Access, ọjà ìnṣọ́ránsì tí ìpínlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣe ní oṣù kọkànlá 2024. Àdírẹ́sì ni wọ́n fi ń ta á. Èyí tí ẹ bá rà pẹ̀lú àdírẹ́sì Gwinnett lè má san owó dókítà ní Charleston, àfi bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í ṣe pàjáwìrì títí yóò fi di pàjáwìrì. Kì í dunni, kì í kan ilẹ̀kùn. Kíndìnrín ni yóò kọ́kọ́ máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ rọpárọsẹ̀ ni a ó fi mọ̀. Ẹni tí ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn ni ó rọrùn jù fún láti pa oògùn jẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó ní òun yóò rà á níbi tí òun ń lọ. Nítorí náà, ẹ di dókítà kan mú, kí ẹ sì máa padà wá rí i. Ẹ gba oògùn 90 ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ra á ní ilé oògùn tí ó ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ẹ kọ orúkọ oògùn, iye rẹ̀, àti ohun tí ara yín kì í gbà sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ fi í sínú pọ́ọ̀sì.

Ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan lè sọ̀rọ̀ fún yín. Mo ti tọ́jú aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀, tí a wá gbogbo àpò rẹ̀, tí a kò rí nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo tí a lè pè. Láti 2007 ni Georgia ti ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní Advance Directive for Health Care. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti yan ẹni tí yóò bá dókítà sọ̀rọ̀ bí ẹ̀yin kò bá lè sọ ọ́. Kò gba lọ́yà; kí ẹ fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì ti tó. Ẹ fún ẹni tí ẹ yàn ní ẹ̀dà kan.

Etí òkun fúnra rẹ̀

Afẹ́fẹ́ òkun dára, kò sì jìnnà sí wa. Savannah kò ju nǹkan bí 250 máìlì sí Atlanta, erékùṣù Tybee sì wà nítòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí dé òpin oṣù kọkànlá ni àkókò ìjì líle. Nígbà ìjì Matthew ní 2016 àti Irma ní 2017, ìjọba ní kí àwọn ará etí òkun Georgia kó jáde. Onílé ní ìnṣọ́ránsì lórí ilé rẹ̀. Olùṣọ́ ní àpótí kan àti ajá méjì tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ béèrè pé: bí wọ́n bá ní ká jáde, níbo ni kí n gbé ajá lọ, ta ni yóò sì san owó òtẹ́ẹ̀lì?

Fún ọ̀pọ̀ wa, Èkó ni ìlú etí òkun tí ó wà lọ́kàn, pàápàá láti 2007 tí ọkọ̀ òfurufú Delta ti ń ti Atlanta lọ tààrà. Ẹ rántí pé Medicare kì í san owó ìtọ́jú ní Nàìjíríà. Ẹ sì rántí ìkún-omi oṣù keje 2017 tí ó gba Lẹ́kí àti Victoria Island. Bí ó bá jẹ́ ilé ìbátan ni ẹ fẹ́ gbé, ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò san owó iná àti dísù, ta ni yóò tún ilé ṣe, ìgbà wo ni a ó jáde. Ìwé kì í ba ẹbí jẹ́; ohun tí a kò sọ ni ó ń bà á jẹ́.

Kí ni kí á ṣe?

Ẹ má tíì ta ilé. Ẹ gbé e fún ayálégbé fún ọdún kan, kí àdírẹ́sì yín má bàa sọnù. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, àdírẹ́sì yín ni láísẹ́ńsì yín tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ so mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó kú, nítorí òun ni ọ̀nà àtipadà bí owó bá kù díẹ̀ káàtó. Ẹ sì lè dán ayé náà wò láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13. Ẹ gba ọ̀kan létí òkun. Bí inú yín bá dùn síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, tí ẹ̀jẹ̀ ríru yín dára, tí ẹ kò sì ṣàárò ènìyàn jù, ẹ ti mọ díẹ̀ nínú ìdáhùn.

Mo ní ṣàárò ènìyàn, nítorí ènìyàn ni aṣọ wa. Ní Buford níhìn-ín, bí ẹ bá pa ìpàdé méjì jẹ, ẹnì kan yóò pè yín. Ajá onílé kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ibikíbi tí ẹ bá wà, kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yìí mọ òpópónà tí ẹ wà, kí ẹ sì máa bá ara yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Mo ní fọ́ọ̀mù tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín lórí tábìlì, mo sì gbé ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò wá. Kí tọkọtaya jọ wá, ẹ má rán ara yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a jẹun ọmọ, kí a fẹ̀yìntì ní àlàáfíà, kí ibi àbọ̀ wa má sì parẹ́.