Ohun Tí Ojú Wa Rí Nídìí Ẹja Àrọ̀

Wọ́n ní kí àwa tí a fi owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ sin ẹja wá sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ yín ló ti kọ ọ̀sìn ẹja sínú fọ́ọ̀mù ọdún yìí.

Kòtò onísìmẹ́ńtì tí a rẹ́ǹtì jẹ́ mítà 5 lóròó, mítà 4 níbùú. Ẹni tó ta ọmọ ẹja fún wa ní 1,000 ni kí a kó sí i, kí a má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa bá ṣírò ọlọ́jà: bí 1,000 bá mú èrè wá, 2,000 á mú ìlọ́po méjì wá. Ẹja àrọ̀ kì í sì í tètè kú, ó lè gbẹ́nu sókè mí afẹ́fẹ́ lójú omi. Ìyẹn ló tàn wá jẹ.

Ìgbẹ́ wọn ni a kò rò. Inú omi tí ẹja ń gbé náà ló ń ṣu sí, oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń jẹrà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní amóníà á wá sọ omi di májèlé. Ẹja tó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ kì í jẹun dáadáa, èyí tó bá sì jẹ, kì í hàn lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni à ń pààrọ̀ omi! Àwọn alágbára ń lé àwọn kékeré nídìí oúnjẹ, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn mì. Ẹja ń dín, a ní olè ni. A tiẹ̀ bá ọmọ tó ń ṣọ́ kòtò jà. A ti padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn oṣù 6, tí ó yẹ kí ẹja máa tó kílò kan, ọ̀pọ̀ tiwa kò tó ìdajì kílò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹja ńlá ni àwọn onípẹpẹsúùpù ń wá. Àwọn tó ń yan ẹja ló ra tiwa, ní owó pọ́ọ́kú. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ nìkan ti jẹ ju ìdajì ìnáwó wa lọ. A san ẹ̀yáwó náà tán, àmọ́ owó aṣọ tí a ń tà ni a fi san án.

Lẹ́ẹ̀kejì, 800 ni a kó sí i. Ìyẹn jẹ́ ẹja 40 sí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Ọjọ́ méjì-méjì ni à ń pààrọ̀ omi, a sì ń ṣa àwọn tó yára dàgbà sọ́tọ̀. Àwọn yẹn sún mọ́ kílò kan dáadáa. Kì í ṣe pé kí ẹ wá kó 200 sí i o, iye rẹ́ǹtì kan náà lẹ máa san. Tó bá sì jẹ́ kòtò inú ilẹ̀, tí omi rẹ̀ kò ṣeé dà nù bẹ́ẹ̀, 5 sí 10 ló tó sí ìwọ̀n ibi kan náà.

Ẹni tó bá ti kọ 2,000 sínú fọ́ọ̀mù, akọ̀wé wa ṣì ní bírò lọ́wọ́. Ẹ lọ bá a kí a tó túká.