Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká wo Niamey, olú ìlú Niger. Lọ́dún 2004, wọ́n dìbò yan káńsẹ́lọ̀ àti ààrẹ. Nígbà tó di 2005, ìjọba bu owó orí ọjà, ìdá 19 nínú 100, lé ìyẹ̀fun àti wàrà. Moussa Tchangari, oníròyìn tó ń darí ẹgbẹ́ Alternative Espaces Citoyens, wà lára àwọn tó ṣíwájú ìwọ́de. Wọ́n kó wọn sátìmọ́lé, ṣùgbọ́n ìjọba padà yọ owó náà kúrò lórí ìyẹ̀fun àti wàrà. Ìbò, ẹgbẹ́, ìròyìn: ààrò mẹ́ta nìyẹn. Ẹ dìbò, ẹ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò yín, ẹ máa gbọ́ ìròyìn, kí ẹ sì máa béèrè bí káńsù ṣe ń náwó yín.