Sadíìnì àti Ìlú Monterey

Kò sí ẹni tí kò mọ agolo sadíìnì nínú wa. Nítorí náà ni a fi yan ìtàn Monterey, ìlú etí òkun ní Kalifọ́níà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Frank Booth bẹ̀rẹ̀ sí í fi sadíìnì sínú agolo níbẹ̀. Àwọn apẹja tí ó ti Sísílì wá mú àwọ̀n ilé wọn bọ̀, èyí tí ń yí agbo ẹja ká lẹ́ẹ̀kan. Knut Hovden, ará Nọ́wè, fi ẹ̀rọ mú iṣẹ́ yá. Ogun 1914 sí 1918 ni ó gbé òwò náà ga, nítorí àwọn ọmọ ogun ń fẹ́ oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fèrè tirẹ̀: bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ lóru, fèrè a dún, àwọn obìnrin tí ó mọ̀ ọ́n a sì dìde láti lọ to ẹja sínú agolo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Àwọn onílé-iṣẹ́ rí i pé èrè ń bẹ nínú ẹja tí a lọ̀ di ìyẹ̀fun, fún ajílẹ̀ àti oúnjẹ adìẹ, ju èyí tí a fi sínú agolo lọ, kò sì gba òṣìṣẹ́ púpọ̀. Ní àwọn ọdún 1930, ọkọ̀ ńláńlá ń lọ ẹja lójú òkun níbi tí òfin ìpínlẹ̀ kò dé. Àwọn onímọ̀ ẹja tí ìjọba gbà síṣẹ́ kìlọ̀ pé kí a fi òdiwọ̀n sí i. Ariwo owó bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Ní àkókò ìpẹja 1941 sí 1942, nǹkan bí 250,000 tọ́ọ̀nù ni ó gúnlẹ̀ sí Monterey. Ní 1947 sí 1948, kò tó 20,000.

A kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru apẹja. Ìpẹ́ sadíìnì inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun Kalifọ́níà fihàn pé ẹja náà ti ń pọ̀, tí ó sì ń dínkù, kí ẹ̀rọ ìpẹja tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀dá bá, tí ó tún jẹ èbù iṣu rẹ̀, kí ni yóò gbìn nígbà tí òjò bá padà?

Ilé-iṣẹ́ Hovden ni ó kẹ́yìn. Ó kógbá wọlé ní 1973. Láti 1984 ni àwọn ènìyàn ti ń sanwó níbẹ̀ láti wo ẹja ààyè nínú ilé dígí. Sadíìnì padà díẹ̀, a sì tún gba ìpẹja rẹ̀ láàyè ní 1986. Ní 2015 a tún dá a dúró.

Ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà lónìí, irú ilé-iṣẹ́ tí ń lọ ẹja bẹ́ẹ̀ ti wà, àwọn obìnrin tí ń yan ẹja sì ń ké pé ẹja kò kàn àwọn mọ́. Bí wọ́n bá wá tọrọ ilẹ̀ ní Àgbádárìgì tàbí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹ̀yin olóyè ni wọn yóò kọ́kọ́ tọ̀ wá. A bẹ̀ yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹja náà ṣe kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.